Àyẹ̀wò àpótí ìkọ́ni nípa àrùn àkóràn: ó mọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n àrùn kì í gba ọwọ́ nìkan wọlé

Àpótí tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí jẹ́ irú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ohun èlò ìkọ́ni máa ń tà fún ilé-ẹ̀kọ́, kí olùkọ́ lè fi ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí àrùn ṣe ń ti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn àti bí a ṣe lè dènà rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe irú rẹ̀ pọ̀, ohun tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, nítorí náà n kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe èyí tí mo lò. Ohun tí mo bá nínú rẹ̀ ni ìgò ìpara kan tí ojú lásán kì í rí lẹ́yìn tí a bá ti fi pa ọwọ́, ìyẹ̀fun kan tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, tọ́ọ̀ṣì kékeré tí ń tan ìtànṣán UV, ìgò afọ́nmi, àwọn káàdì aláwọ̀ mẹ́rin, àwòrán ńlá kan tí a lè lẹ̀ mọ́ ògiri, àti ìwé pẹlẹbẹ tí ó ń tọ́ olùkọ́ sọ́nà. Mo ti lò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké, mo sì ti lò ó pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ti ń bàlágà. Ó níye lórí, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá gbà pé òun nìkan ti tó láti kọ́ni nípa àrùn àkóràn yóò fi ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ìdajì tí ó fi sílẹ̀ náà sì ni àwọn àrùn kan tí ó burú jù wà.

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpara, torí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń torí rẹ̀ ra àpótí náà. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí ó máa ń gba ìtànṣán UV, èyí tí ojú wa kò lè rí, tí ó sì máa ń dá a padà gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí. Olùkọ́ yóò fi díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, wọn yóò fi pa gbogbo ọwọ́, wọn yóò wò ó lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn, lẹ́yìn náà wọn yóò lọ fọ ọwọ́ bí wọ́n ṣe máa ń fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní ohunkóhun. Ìgbà tí wọ́n bá padà sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ sábà máa ń mọ́, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò, orí ìka, abẹ́ èékánná, àárín ìka àti ẹ̀yìn ọwọ́ yóò ṣì máa tàn yòò. Àgbàlagbà náà kì í yọ nínú rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́rọ̀ sí òun lẹ́nu ni kí ó kọ́kọ́ na ọwọ́ tirẹ̀ síwájú. Ohun tí ó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jiyàn láìsí pé ẹnì kan rán wọn: ẹni tí ó fi omi nìkan ṣan ọwọ́ yóò fi tirẹ̀ wé ti ẹni tí ó lo ọṣẹ, ẹni tí ó kánjú yóò fi tirẹ̀ wé ti ẹni tí ó fara balẹ̀, wọn yóò sì fúnra wọn sọ ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà kí olùkọ́ tó la ẹnu.

Ìwé atọ́nà ní kí a fi ìṣẹ́jú-àáyá 20 fi ọṣẹ bo ọwọ́ dáadáa, èyí sì bá ohun tí ọ̀pọ̀ àjọ ìlera ń sọ mu. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tirẹ̀ ka gbogbo iṣẹ́ náà, láti ìgbà tí omi bá ti kan ọwọ́ títí di ìgbà tí a bá nù ún gbẹ, sí ìṣẹ́jú-àáyá 40 sí 60. Ó dára kí olùkọ́ ṣàlàyé èyí, nítorí pé àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń kàwé fúnra wọn yóò rí nọ́ńbà méjèèjì níbòmíràn, wọn yóò sì rò pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ irọ́.

Ojú ìwé tí ó sọ ìtàn Ignaz Semmelweis ni ó dára jù nínú ìwé náà. Ní 1847, ní ilé ìwòsàn gbogbogbòò ti Vienna, dókítà yìí fura pé àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn, tí wọ́n máa ń ti ìdí òkú tí wọ́n ń là yẹ̀ wò lọ gbẹ̀bí fún àwọn aboyún, ni wọ́n ń fi ọwọ́ wọn gbé ohun tí ń pa àwọn abiyamọ lọ sí ìdí ìkúnlẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi omi tí a po èròjà oníkiloríìnì mọ́ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aboyún. Ikú àwọn ìyá ní ẹ̀ka náà, tí ó tó bí 11 nínú 100 ní 1846, wálẹ̀ títí kò fi tó 2 nínú 100 ní 1848. Ìwé náà dúró síbẹ̀, ó sì yẹ kí ó tẹ̀ síwájú, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn dókítà ìgbà náà ni kò gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, inú sì bí àwọn kan nínú wọn pé ẹnì kan lè sọ pé ọwọ́ àwọn ni ó ń pa aláìsàn. Louis Pasteur àti Robert Koch kò tíì ṣe iṣẹ́ tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kòkòrò tí ojú kò rí ni ó ń fa irú àrùn bẹ́ẹ̀, nítorí náà Semmelweis ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní àlàyé tí ó lè tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti dàgbà bóyá ó yẹ kí ilé ìwòsàn dúró de àlàyé kí ó tó ṣe ohun tí ẹ̀rí ti fi hàn pé ó ń gba ẹ̀mí là, àríyànjiyàn tí yóò ti ibẹ̀ jáde yóò gba gbogbo àkókò ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, kò sì ní ṣòfò.

Àléébù kan wà lára ìpara náà tí ilé-iṣẹ́ kò kọ sí ara ìgò. Ohun tí ń tàn kì í ṣe kòkòrò àrùn. Àwọ̀ lásán ni, ó sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó fi ń lẹ̀ mọ́ awọ ara. Ó lè há sínú ojú èékánná lẹ́yìn tí ọṣẹ ti gbá èyí tí ó pọ̀ nínú kòkòrò lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ó lè ṣí kúrò ní ibi tí kòkòrò ṣì wà. Àwọn ọmọ kì í mọ ìyàtọ̀ yìí bí a kò bá sọ ọ́ fún wọn kí a tó ṣí ìgò. Ọmọ kan gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó tàn án sí ojú tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò nù láti àárọ̀, ó rí i pé kò tàn, ó sì kéde fún gbogbo kíláàsì pé kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ tún wà: ìwé funfun máa ń tàn lábẹ́ UV, eyín máa ń tàn, aṣọ funfun náà sì máa ń tàn gan-an, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ ní èròjà tí ó ń mú kí funfun dán. Bí ọmọ tí ó wọ aṣọ funfun bá bọ́ sábẹ́ ìtànṣán náà láìsí ìkìlọ̀, ariwo tí yóò ta kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ẹ̀kọ́ mọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé ìwé atọ́nà kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa èyí, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ yóò ṣe ni kí ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ara ẹni tí ó jókòó tì í.

Ìyẹ̀fun náà wúlò ju bí mo ṣe rò lọ. Bí olùkọ́ bá fi díẹ̀ pa ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan láìsọ fún àwọn yòókù, tí ó sì jẹ́ kí ẹ̀kọ́ máa lọ bó ṣe máa ń lọ, tí wọ́n ń gba bírò lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n ń ṣí ìwé, tí wọ́n ń di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú, nígbà tí a bá pa iná ní ìparí ẹ̀kọ́ a óò rí ipa ọ̀nà tí ìyẹ̀fun náà gbà. Imú, ẹnu àti etí ojú ni ibi tí ó máa ń bọ́ sí tí ó sì máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu jù, torí pé kò sí ẹni tí ó rántí pé òun fi ọwọ́ kan ojú. Àwọn kòkòrò kan, bí fáírọ́ọ̀sì tí a ń pè ní norovirus, èyí tí ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, máa ń gba irú ọ̀nà yìí ràn kíákíá nínú ilé-ẹ̀kọ́. Ibí yìí ni ìwé atọ́nà ti ṣe àṣìṣe kan tí n kò lè fojú fò: ó kọ ọ́ pé sánítáísà lè rọ́pò ọṣẹ àti omi nígbà gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sánítáísà tí ọtí inú rẹ̀ tó 60 nínú 100 ó kéré tán máa ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò, ó sì máa ń fọ́ awọ ọlọ́ràá tí ó bo àwọn fáírọ́ọ̀sì bí ti influenza, ìyẹn ọ̀fìnkìn líle, àti ti kòrónà, ṣùgbọ́n norovirus kò ní irú awọ bẹ́ẹ̀, ọtí kì í sì í ràn án bí ó ṣe yẹ. Bí ọwọ́ bá dọ̀tí gan-an, sánítáísà kò ní lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọṣẹ àti omi kò gbára lé pípa kòkòrò nìkan. Wọ́n ń tú u kúrò lára awọ, wọ́n sì ń gbá a lọ.

Mo dé orí ìgò afọ́nmi. A óò da omi aláwọ̀ sínú rẹ̀, a óò tẹ́ ìwé gígùn sílẹ̀, a óò sì fọ́n omi náà bí ẹni tí ó sín, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè wọn ibi tí ẹ̀kán omi náà dé. Lẹ́yìn náà wọn yóò fi ọwọ́ lásán bò ó, wọn yóò fi aṣọ pélébé bò ó, wọn yóò fi ìgbúnwọ́ dènà rẹ̀, wọn yóò sì rí i pé ọwọ́ lásán kàn gba omi náà sára láti lọ pín in fún ẹlòmíràn ni. Àwọn ọmọ kéékèèké fẹ́ràn rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀ fún wọn. Fún àwọn tí wọ́n dàgbà, ó lè kọ́ wọn ní ohun tí kò tọ̀nà, nítorí pé ẹ̀kán tí ojú rí máa ń já bọ́ sílẹ̀ nítòsí, ìwé náà sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí pé ẹni tí ó bá ti jìnnà díẹ̀ sí ẹni tí ń sín ti bọ́. Kòkòrò tí ń fa éèyi, àrùn tí ń mú kí ara ọmọdé sú pẹ̀lú ibà àti ikọ́, lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá fún wákàtí 2 lẹ́yìn tí aláìsàn ti jáde kúrò níbẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ń gba afẹ́fẹ́ ràn. Nígbà àjàkálẹ̀ kòrónà, ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí pín àwọn onímọ̀ pàápàá níyà: ní oṣù keje 2020, onímọ̀ 239 fọwọ́ sí lẹ́tà gbangba kan tí ó rọ àwọn àjọ ìlera láti gbà pé afẹ́fẹ́ lè gbé kòkòrò náà kọjá ibi tí ẹ̀kán ńlá ń dé. Àpótí tí ó bá dúró sí orí ìgò afọ́nmi ti fi àríyànjiyàn yẹn pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tí mo máa ń fi kún un kò sí nínú àpótí. Mo máa ń ṣí ìgò lọ́fínńdà kan ní igun yàrá tí a ti ti fèrèsé rẹ̀, mo sì máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ọwọ́ sókè nígbà tí òórùn náà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn a óò tún un ṣe pẹ̀lú fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo máa ń sọ fún wọn pé èròjà òórùn kéré ju kòkòrò lọ fíìfíì, kí wọ́n má baà rò pé ohun kan náà ni wọ́n. Síbẹ̀ wọ́n máa ń rí i pé afẹ́fẹ́ inú yàrá kan jẹ́ ti gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, èyí ni wọ́n sì nílò kí ọ̀rọ̀ fèrèsé ṣíṣí àti ìbòmú tó lè yé wọn.

Káàdì aláwọ̀ mẹ́rin ni ọkàn àpótí yìí lójú tèmi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ewé kan péré ni ìwé atọ́nà fún wọn, tí kò sì sí àwòrán wọn lára àpótí. Àwọ̀ kan dúró fún ẹni tí kò ní ààbò, èkejì fún ẹni tí kòkòrò ti wọ ara rẹ̀ ṣùgbọ́n tí àmì àìsàn kò tíì hàn, ẹ̀kẹta fún ẹni tí ń ṣàìsàn, ẹ̀kẹrin fún ẹni tí ara rẹ̀ ti ní ààbò, yálà nítorí pé ó ti ṣàìsàn rí tàbí nítorí pé ó gba àjẹsára. Olùkọ́ yóò pín káàdì, yóò sọ ẹni tí àrùn ti kọ́kọ́ mú, ní ìpele kọ̀ọ̀kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa yí káàdì wọn padà gẹ́gẹ́ bí òfin eré náà ṣe wí. Bí a bá kọ́kọ́ ta á láìsí ẹni tí ó gba àjẹsára, àrùn náà sábà máa ń gba kíláàsì kan. Lẹ́yìn náà a óò fún ìdá kan nínú mẹ́rin ní ààbò, lẹ́yìn náà ìdajì, lẹ́yìn náà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àwọn ọmọ yóò sì máa kọ iye ẹni tí ó ṣàìsàn sí ojú pátákó.

Ibẹ̀ ni ìṣirò ti wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ẹnì kan tí ó ní éèyi lè kó o ran ènìyàn 12 sí 18 níbi tí kò ti sí ẹni tí ó ní ààbò. Bí ó bá jẹ́ 12, àrùn náà yóò máa tàn kálẹ̀ títí di ìgbà tí 11 nínú àwọn 12 yẹn bá ní ààbò, kí aláìsàn kan má lè kó o ran ju ẹnì kan lọ. Ìyẹn jẹ́ bí 92 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ 18, ó di 17 nínú 18, ìyẹn bí 94 nínú 100. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò yìí kò ní bèèrè mọ́ ìdí tí àwọn oníṣẹ́ ìlera fi ń lépa pé kí 95 nínú 100 ọmọ gba àjẹsára éèyi, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, bí kò ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Yóò tún rí i pé àrùn tí aláìsàn kan ń kó ran ènìyàn 2 péré lè dáwọ́ dúró nígbà tí ìdajì àwọn ènìyàn bá ní ààbò, nítorí náà kò sí nọ́ńbà kan tí ó bá gbogbo àrùn mu. Mo máa ń fi káàdì kan sílẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ tí kò tíì tó gba àjẹsára, mo sì máa ń jẹ́ kí kíláàsì wo bóyá àrùn yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí kò ní dé ibẹ̀. Kò sí àlàyé mìíràn tí mo mọ̀ tí ó fi ìtumọ̀ ààbò àpapọ̀ hàn yé akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọ̀ kejì yẹn, ti ẹni tí àmì àìsàn kò tíì hàn lára rẹ̀, tún lọ́rọ̀ ju bí ìwé ṣe lò ó lọ. Ìwé náà fi gbogbo àrùn sí abẹ́ òfin kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé ẹni tí ó mú káàdì náà kò tíì lè ran ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí ní ti Ebola, tí ó lè wà nínú ara láti ọjọ́ 2 títí dé ọjọ́ 21 kí àmì rẹ̀ tó hàn, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó ní i kì í ràn án kí àmì náà tó jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ti influenza, tí ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ràn ní bí ọjọ́ 1 kí aláìsàn tó mọ̀ pé ara òun kò yá. Mo máa ń ta eré náà lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú òfin ti Ebola, mo sì tún máa ń ta á pẹ̀lú òfin ti influenza, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fúnra wọn rí ìdí tí ó fi rọrùn láti fi ìyàsọ́tọ̀ aláìsàn dí ọ̀kan lọ́wọ́, tí èkejì sì ń yọ́ kọjá. Láti ibẹ̀ a lè bọ́ sí orí ọ̀rọ̀ ṣọ̀pọ̀nná. Edward Jenner ti fi hàn ní 1796 pé kòkòrò àrùn màlúù kan lè dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n 1977 ni ẹni tí ó mú un kẹ́yìn láti ọwọ́ ẹlòmíràn láwùjọ ṣàìsàn ní Somalia, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 1980 pé ó ti tán láyé. Nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ sí òpin, wọn kì í dúró kí gbogbo ènìyàn gba àjẹsára. Wọ́n ń wá aláìsàn kọ̀ọ̀kan rí, wọ́n sì ń fún gbogbo ẹni tí ó yí i ká. Káàdì náà lè fi èyí hàn pẹ̀lú, bí olùkọ́ bá jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó yípo.

Ìkìlọ̀ kan nípa eré yìí: kíláàsì kéré, kàdárà sì ń ṣe tirẹ̀. Nígbà mìíràn àrùn máa ń kú fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ó gba àjẹsára, ọmọ kan yóò sì dìde láti sọ pé àjẹsára kò wúlò. Ìwé ní kí a ta á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ta á léraléra, kí ẹ sì kọ gbogbo àbájáde sílẹ̀ títí kan èyí tí kò bá ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ mu.

Ohun tí kò sí nínú àpótí pọ̀. Kò sí ẹ̀fọn níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ láti 1897 tí Ronald Ross ti rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ni a ti mọ̀ pé ẹni tí ó fọ ọwọ́ rẹ̀ títí kò tíì ṣe ohunkóhun sí ibà, àfi kí ó sùn sábẹ́ àwọ̀n tí a fi oògùn sí, kí ó sì gba ìtọ́jú kíákíá. Gbólóhùn kan ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ omi àti àrùn onígbáméjì. Mo máa ń ya àwòrán ilẹ̀ kan sí ojú pátákó, èyí tí ó fara jọ èyí tí dókítà John Snow fi wá orísun àrùn onígbáméjì ní London ní 1854, pẹ̀lú àmì fún ilé tí ènìyàn ti kú àti àmì fún ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, mo sì máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá kànga tí ó jẹ̀bi. Wọ́n máa ń rí i. Wọn kì í sì í gbàgbé pé ìgbà yẹn afẹ́fẹ́ burúkú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá lẹ́bi. Àrùn dìgbòlugi náà yẹ kí ó wà níbẹ̀, pàápàá nítorí pé ọṣẹ ní iṣẹ́ ńlá nínú rẹ̀: ojú ibi tí ajá ti gé ènìyàn jẹ gbọ́dọ̀ rí ọṣẹ àti omi púpọ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n tó gbé ẹni náà lọ gba abẹ́rẹ́, kì í ṣe dípò abẹ́rẹ́ náà.

Àwòrán ńlá tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri ni n kò lò. Ó ya ọmọ kan tí ń ṣàìsàn, kòkòrò elérò burúkú yí i ká, àwọn ọmọ yòókù sì ń sá fún un. Bí ọmọ bá ń wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ohun tí yóò kọ́ ni pé ènìyàn ni àrùn, a óò sì máa sọ fún un lásán lẹ́yìn náà pé kòkòrò HIV kì í ti ara ìdìmọ́ra tàbí ọwọ́ bíbọ̀ ràn, àti pé ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í ti ara àwo oúnjẹ tí a jọ lò ràn. Ìwé atọ́nà ní ìpín kan tí ó sọ pé kí a má fi ẹni tí ń ṣàìsàn ṣẹ̀sín, mo sì gbà pé ẹni tí ó kọ ọ́ ní èrò rere, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó kọ ìpín náà kò bá ọwọ́ tí ó ya àwòrán náà sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn kò jinlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé oògùn apakòkòrò ń wo àrùn àkóràn sàn, wọn kò sì fi kún un pé àwọn oògùn bí pẹnisílíìnì, tí Alexander Fleming ṣàwárí ní 1928, ń bá bakitéríà jà, wọn kì í sì í ran fáírọ́ọ̀sì. Fleming fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nígbà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945 pé bí a bá ń lo oògùn náà ní ìwọ̀n tí kò tó, a óò sọ kòkòrò di ohun tí oògùn kò ràn mọ́. Fún apá yìí, mo máa ń yà sí ọ̀dọ̀ e-Bug, ètò ìkọ́ni ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó ìjọba àpapọ̀ Yúróòpù, tí UKHSA, àjọ ààbò ìlera ilẹ̀ Bìrìtéènì, sì ń darí báyìí. Ó pín ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí ọjọ́ orí, ó wà ní èdè tó lé ní 20, ó sì fi àyè tí ó tó sílẹ̀ fún oògùn apakòkòrò àti bí kòkòrò ṣe ń ṣe agídí sí i.

Ní ti ìlò àpótí náà fúnra rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn án sí ojú ọmọ. Bí ó bá bàjẹ́, ẹ má ṣe fi iná UV-C rọ́pò rẹ̀, ìyẹn irú èyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ní ilé ìwòsàn, nítorí pé ó ń jó ojú àti awọ ara. Kíláàsì tí kò bá ṣeé mú ṣókùnkùn kò ní rí nǹkan kan. Páálí ńlá tí a gé ihò méjì sí lára fún ọwọ́, tí a sì gé ihò kékeré kan sí lókè fún ojú, ṣiṣẹ́ dáadáa fún mi. Kí olùkọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí awọ ara wọn kì í gba ìpara kí ó tó pín in.

Ìpara dára fún ọmọ láti ìgbà tí ó bá ti lè fọ ọwọ́ fúnra rẹ̀. Káàdì nílò ẹni tí ó ti lè ṣe ìdá nínú ìṣirò. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá lè ra àpótí lè gé pépà aláwọ̀ mẹ́rin, kí ó sì ta eré náà láìsí ìyàtọ̀ kankan, èyí tí mo sì gbà nímọ̀ràn fún ẹni tí ó bá ní láti yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ìpara ni ó máa ń kọ́kọ́ tán, wọ́n sì ń ta á lọ́tọ̀. Ìyẹ̀fun máa ń pẹ́, torí pé èyí tí ó wà lórí ìka kan ti tó fún gbogbo kíláàsì.